Páálí Ní Broiler Ni, Adìẹ Ní Òun Kọ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Orúkọ Irọ́ Ta Ọmọ Adìẹ Fún Wa Ní Port Harcourt

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Adìẹ ló fẹ́ tú ẹgbẹ́ àwa obìnrin ká ní Kérésìmesì tó kọjá, òun ló sì mú kí á pe olóòótọ́ ènìyàn ní olè.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ìparí oṣù kẹwàá, àwa mẹ́rìnlá dá owó jọ. A ní dípò kí á máa ra adìẹ olówó gọbọi nínú oṣù kejìlá, ẹ jẹ́ ká sin broiler fúnra wa, ká pín in, ká ta ìyókù, kí èrè rẹ̀ wọ àpò ẹgbẹ́. A ra páálí mẹ́rin lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń já ọmọ adìẹ ní gáréèjì. Àádọ́ta ló wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, igba lápapọ̀. Ìyá Ìbejì ló yọ̀ǹda ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́nà Rumuokoro, torí òun nìkan ló ní àyè tó tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa. A ra oúnjẹ wọn, àpò olókílò 25, a tò ó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà la lọ wò wọ́n. Adìẹ tín-ín-rín, ẹsẹ̀ gígùn, kò sí ẹran láyà. Ohun tó bí wa nínú jù ni pé oúnjẹ ṣì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ẹ ò rí i pé ṣe ló ń febi pa wọ́n, kó lè rí oúnjẹ tó ṣẹ́kù tà?" Èmi gan-an tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní kí Ìyá Ìbejì mú ìwé ìṣirò wá. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi, mò ń da oúnjẹ fún wọn, wọn kì í jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n ṣáà máa fò sórí ògiri ni tiwọn." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Wọ́n ń fò sórí ògiri! Ká ní a fetí sí ọ̀rọ̀ yẹn ni, ìjà ì bá ti parí lọ́jọ́ náà. Broiler ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tó jẹ̀ yó, kó rìn dé ibi omi pàápàá, iṣẹ́ ni. Ta ló ń fò sórí ògiri?

Bàbá kan wà ládùúgbò tó ti ṣiṣẹ́ ní hatchery n'Íbàdàn rí, kí ó tó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá síbí. Hatchery ni ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sàba lé ẹyin. Wọ́n pe bàbá yìí kó wá bá wa parí ìjà. Kò tilẹ̀ béèrè ìṣirò. Ó gbé adìẹ kan, ó wo ogbe orí rẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé òmíràn. Ó gbé tó ogún. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, nínú ogún tí mo gbé, kò sí abo kan ṣoṣo. Níbo lẹ ti rí páálí broiler tó jẹ́ akọ nìkan ló wà nínú rẹ̀ rí?"

Ṣé ẹ rí i, takọ tabo ni wọ́n ń ta ọmọ broiler, wọn kì í ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá ra àádọ́ta, ó yẹ kí nǹkan bí ìdajì jẹ́ abo. Tiwa, akọ ni gbogbo wọn. Cockerel ni wọ́n tà fún wa, ìyẹn àwọn arákùnrin layer. Nígbà tí a sì máa fi pe ọkùnrin tó tà á, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ yìí. Ike àti abọ́ ni mò ń tà ní Mile One, mo sì máa ń ta abọ́ omi àti abọ́ oúnjẹ ọmọ adìẹ, nítorí náà àwọn tó ń sin adìẹ máa ń dúró bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n, mo rí i pé kì í ṣe àwa nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọmọ adìẹ funfun yẹn ti ń wá. Adìẹ pupa tó ń yé ẹyin tí à ń rà ní kéréètì, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni ISA Brown. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀ ní ọdún 1978. Abo rẹ̀ lè yé ẹyin tó 300 láàárín ọdún kan tí ìtọ́jú bá pé. Àwọn tó ṣẹ̀dá rẹ̀ fi ọgbọ́n kan sí i: bàbá jẹ́ adìẹ pupa, ìyá jẹ́ funfun. Lára adìẹ, ọmọ tó jẹ́ abo kì í jogún irú àwọ̀ yìí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọwọ́ bàbá nìkan ló ti ń gbà á. Ọmọ tó jẹ́ akọ ń gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n funfun ìyá máa ń borí pupa bàbá. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin, abo á pupa, akọ á funfun bíi kó ní ìyeyè díẹ̀ lára. Òṣìṣẹ́ hatchery kò nílò láti yẹ ìdí wọn wò. Àwọ̀ ti sọ ọ́.

Ìdajì ọmọ tó ń jáde ló jẹ́ akọ. Kò lè yé ẹyin, kò sì lè sanra kíákíá bíi broiler. Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń pa wọ́n dànù lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, kí Jámánì tó fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? A kì í dà á nù, ṣe là ń sìn ín. Ẹran cockerel le, ó dùn lọ́bẹ̀, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ fẹ́ broiler rárá. Èmi ò bá cockerel jà o. Ẹni tó fi orúkọ ẹlòmíràn pè é ni mo bá jà.

Nítorí ọmọ broiler náà funfun, òun náà ní ìyeyè lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ cockerel kì í wọ́n tó ọmọ broiler, pàápàá nígbà tí Kérésìmesì bá ń bọ̀ tí gbogbo ayé ń wá broiler, tí hatchery ò sì rí tó tà. Ẹni tó bá ra cockerel ní ẹ̀dínwó, tó gbé e dé gáréèjì Port Harcourt, tó pè é ní broiler, ó ti jèrè lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbà ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ní gáréèjì, oníbàárà pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Àdánù ibẹ̀ ju owó páálí lọ. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń jà wá lólè. Broiler tòótọ́ á wọn kílò 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Cockerel kò tíì ní pé kílò 1 ní ọ̀sẹ̀ 8. Oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ló ń gbà kó tó ní láárí. Ẹni tó bá fẹ́ fi cockerel ṣe Kérésìmesì, inú oṣù keje tàbí kẹjọ ló yẹ kó ti rà á. Àwa rà á ní ìparí oṣù kẹwàá! Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí a fi fẹ̀sùn kan Ìyá Ìbejì náà, ẹ wò ó báyìí: broiler kan lè jẹ tó kílò 4 sí 5 kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8, nígbà tí cockerel kò ní jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ láàárín àkókò kan náà. Oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a pè ní ẹ̀rí olè, òun gan-an ni ẹ̀rí pé Ìyá Ìbejì kò mú nǹkan kan.

Ẹ̀yin tó ń ra layer, tiyín náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ra layer pupa tí ẹ rí funfun nínú páálí, akọ ni. Bó bá jẹ́ layer dúdú tí wọ́n ń pè ní Nera, dúdú ni takọ tabo nígbà tí wọ́n bá jáde, ṣùgbọ́n akọ máa ń ní àmì funfun kan lórí, bíi ìgbà tí èèyàn fi ẹfun tọ́ ọ. Ẹ tẹ orí wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó. Àwọn ọlọ́jà kò fẹ́ràn rẹ̀ ṣá. Wọ́n á ní, "Madam, you go tire this pikin dem." Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ti Noiler ló wá le jù, nítorí pé kò ní àwọ̀ kan pàtó tí ẹ máa fi dá a mọ̀. Ó lè pupa, ó lè dúdú, ó lè ní ìlà lẹ́yìn bíi ọmọ adìẹ ìbílẹ̀, ó lè funfun. Hatchery Amo Farm Sieberer tó wà ní Awẹ́, lẹ́bàá ìlú Ọ̀yọ́, ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún àwọn tó ń sin adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé: kó lè jẹ̀ kiri, kí akọ rẹ̀ ní ẹran, kí abo rẹ̀ yé ẹyin ju adìẹ ìbílẹ̀ lọ. Orúkọ yẹn ti wá gbajúmọ̀ débi pé ní ọjà wa níbí, adìẹ èyíkéyìí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti jẹ́ àdàlù, Noiler ni wọ́n ń pè é.

Ó ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Láti nǹkan bí ọdún 2014, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ILRI ṣe iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà, Tanzania àti Ethiopia, tí wọ́n fi ń wo adìẹ tó dára jù fún àwọn ará abúlé. Ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ti ṣe é: Kebbi, Nasarawa, Kwara, Imo àti Rivers tiwa níbí. Oríṣi adìẹ mẹ́fà ni wọ́n dán wò. Noiler jẹ́ ọ̀kan. Shika Brown láti Zaria jẹ́ ọ̀kan. Kuroiler ti wá láti Íńdíà, Sasso láti ilẹ̀ Faransé. Adìẹ Fúlàní náà wà níbẹ̀. Ìkẹfà ni FUNAAB Alpha, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa ní yunifásítì ètò ọ̀gbìn Abẹ́òkúta, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ ṣáájú wọn, tí ìjọba sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2018. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọjà Oil Mill lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kí ẹ béèrè FUNAAB Alpha. Wọ́n á wò yín lójú, wọ́n á nawọ́ sí páálí Noiler.

Noiler irọ́ pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni cockerel dúdú àti cockerel funfun tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọmọ adìẹ ìbílẹ̀ kí àwọ̀ lè pọ̀. Èyí kò ṣòro láti mọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí wọn kì í dàgbà bákan náà. Èkejì ló máa ń tan ọlọ́gbọ́n jẹ. Ẹnì kan ra Noiler tòótọ́, abo rẹ̀ yé, ó kó ẹyin náà sínú ẹ̀rọ kékeré tó wà nílé rẹ̀, ó wá ń ta ọmọ rẹ̀ ní Noiler. Kò rò pé irọ́ lòun ń pa, torí ọmọ Noiler ni lóòótọ́. Àmọ́ Noiler kì í ṣe adìẹ tó jẹ́ pé bí òbí ṣe rí lọmọ á rí. Àdàlù ni: hatchery ló tọ́jú ìran bàbá lọ́tọ̀, ìran ìyá lọ́tọ̀, tí wọ́n wá pa wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí àdàlù bá gun àdàlù, ọmọ á fọ́n ká. Ọ̀kan á tóbi, ọ̀kan á kéré, ọ̀kan á máa sàba bíi adìẹ ìbílẹ̀ dípò kó máa yé. Oúnjẹ Noiler lẹ fún gbogbo wọn, díẹ̀ ló san án padà.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fi orúkọ adìẹ jẹun láyé. Nígbà tí adìẹ ńláńlá láti ilẹ̀ Ṣáínà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1840 sí 1850, orí àwọn òyìnbó dàrú. Ọkùnrin oníṣòwò adìẹ kan ní Boston, George Burnham, kó adìẹ ránṣẹ́ sí Ọbabìnrin Victoria ní ọdún 1852 láti fi polówó ọjà rẹ̀. Nígbà tí ọjà náà wá wó, ó kọ ìwé kan ní ọdún 1855, ó fi ń rẹ́rìn-ín àwọn tó gba orúkọ gbọ́ tí wọ́n sì ná owó wọn sí i. Òun náà wà lára àwọn tó ta orúkọ fún wọn! Ó kéré tán, ti Burnham, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ti wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ adìẹ tí à ń rà níbí, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ògùn ni wọ́n ti ń kó o wá. Wọ́n á gba Ọ̀rẹ̀ dé Benin, kí wọ́n tó já sí Warri àti Patani wá síbí, òru mọ́jú. Ọmọ adìẹ lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láìjẹun nítorí pupa ẹyin tó ṣì wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń yè é. Ibi tí irọ́ ti ń wọ̀ ọ́ ni láti gáréèjì dé ọwọ́ yín. Páálí tí orúkọ hatchery wà lára rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, torí wọ́n máa ń lo páálí òfìfo lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi fúnra mi ti rí páálí hatchery kan tí wọ́n kó tòmátì sí ní Mile Three.

Èyí tí mo wá gbà gbọ́ jù ni ìwọ̀n, bàbá yẹn ló sì kọ́ wa. Ní ọjọ́ keje, ẹ wá ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn fúláwà. Ẹ wọn ike òfìfo, ẹ kó ọmọ adìẹ mẹ́wàá sínú rẹ̀, ẹ yọ ìwọ̀n ike kúrò, ẹ fi mẹ́wàá pín in. Bí wọ́n bá jẹun dáadáa tí òtútù ò mú wọn, broiler á tó gíráàmù 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Cockerel á wà ní nǹkan bíi 65 sí 80. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè jiyàn lé lórí. Lọ́jọ́ kìíní gan-an, ẹ lè wo ẹsẹ̀: ti broiler máa ń ki, àyà rẹ̀ sì máa ń fẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí kò rí méjèèjì papọ̀ rí kò lè fi ìyẹn dájọ́. Ìwọ̀n kì í ṣe ojúsàájú.

Ó yẹ kí n fi kún un pé òjò Port Harcourt náà lè jẹ́ kí broiler tòótọ́ rù. Bí ibi tí wọ́n ń sùn bá tutù, tí ìgbẹ́ wọn bá ní ẹ̀jẹ̀, àìsàn ni, ẹ pe dókítà ẹranko. Ẹ má ro gbogbo rírù mọ́ ẹni tó tà á.

Ẹ gba ìwé. Kí wọ́n kọ oríṣi adìẹ náà sínú rẹ̀ gbangba, kì í ṣe "ọmọ adìẹ 50" lásán: orúkọ, hatchery, ọjọ́, nọ́ńbà fóònù. Ẹ ya fọ́tò páálí àti ọmọ adìẹ lójú ẹni tó tà á. Òfin FCCPA ti ọdún 2018 sọ pé oníṣòwò kò gbọ́dọ̀ fi irọ́ ṣàpèjúwe ọjà fún oníbàárà, àmọ́ kí lẹ máa gbé lọ síbẹ̀ tí kò bá sí ìwé? Àwa ò ní ìwé. Ní ti Noiler, ẹ wá aṣojú hatchery fúnra rẹ̀, tàbí àwọn tí wọ́n ń pè ní mother unit, tí wọ́n máa ń tọ́jú ọmọ adìẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n á ti fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n tó tà wọ́n. Ó wọ́n díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n adìẹ tó ti tóbi díẹ̀, irọ́ rẹ̀ kì í pamọ́.

Àwọn cockerel wa, a sìn wọ́n títí di Àjíǹde. Èyí tó kú kú, a ta ìyókù, owó tí a dá sì padà wọlé, èrè ló tín-ín-rín bíi adìẹ náà fúnra rẹ̀. Ní ìpàdé oṣù kìíní, a dìde dúró, a bẹ Ìyá Ìbejì. Èmi ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní òun ti dárí jì wá. Ó ní ẹgbẹ́ lè máa lo ẹ̀yìnkùlé òun lọ, ṣùgbọ́n òun kò ní dá gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ oúnjẹ mọ́, kí ẹlòmíràn náà máa mú ọ̀kan lọ́wọ́. Páálí méjì mìíràn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láti ọwọ́ aṣojú tí a mọ ilé rẹ̀. Mo ti ra ìwọ̀n.